Àìsàn Ìgbà Ọyẹ́ àti Orúkọ tí A Ń Pè Wọ́n: Àkíyèsí fún Olùkọ́ Yorùbá ní Ìbàdàn

Ìfáárà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, iléeṣẹ́ tí ń ṣe ìwádìí ojú ọjọ́ a máa kéde fún ará ìlú bí ìyẹ̀fun òdòdó ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí ìkéde náà wà fún. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ojú a máa yún ẹlòmíràn, imú rẹ̀ a máa dà bí omi, yóò sì máa sín láti òwúrọ̀ di alẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó kó o ràn án. A kò ní irú ìgbà ìrúwé yìí ní Ìbàdàn. Ohun tí ó súnmọ́ ọn jù lọ lọ́dọ̀ wa ni ìgbà ọyẹ́ àti òjò àkọ́rọ̀ tí ó ń tẹ̀ lé e.

Àwa náà ní àwọn tí ń ṣọ́ àìsàn, tí wọ́n ń kà á, tí wọ́n sì ń fi tó ìjọba létí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ni ó ń gba ìyẹ̀fun òdòdó sínú kí àwọn onímọ̀ tó kà á. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: ohun tí ìyá sọ fún nọ́ọ̀sì, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sínú lẹ́tà sí olùkọ́, ohun tí olùkọ́ sì kọ sínú rẹ́jísítà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ní ìtumọ̀ méjì, iye tí a óò kà kò lè péye. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa, àní bí kì í tilẹ̀ ṣe dókítà ni wá.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni kí a wo àwọn orúkọ tí Yorùbá ń pe àìsàn tí ó wọ́pọ̀ ní ìgbà ọyẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí a wo èyí tí ó ń ran ìṣọ́ àrùn lọ́wọ́ àti èyí tí ó ń dí i lọ́wọ́, kí a sì sọ ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò nínú rẹ̀.

Ọyẹ́ àti ohun tí ó ń gbé wá

Ẹ̀fúùfù ọyẹ́ ń ti ìhà àríwá ìlà-oòrùn wá, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ni ó ń ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tí a ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ní Ìbàdàn, láàrin Disẹ́ńbà àti Fẹ́búárì ni a máa ń rí i jù. Òwúrọ̀ a tutù, ọ̀sán a gbóná, afẹ́fẹ́ a gbẹ débi pé ètè ń là, imú àwọn ọmọ mìíràn a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró ní Mọ́kọ́lá tí ó wo ìhà Dùgbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ilé gogoro Cocoa House tí wọ́n ṣí ní 1965 a dà bí òjìji lásán.

Kì í ṣe eruku ọyẹ́ nìkan ni ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà. Ìgbà yẹn ni a ń sun igbó, ìgbà yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ewéko ń tanná. Mángòrò a máa tanná ní Disẹ́ńbà àti Jánúárì. Koríko ti tanná ṣáájú, nígbà tí òjò bá ń dáwọ́ dúró. Ẹ fi èéfín jẹnẹrétọ̀ Agbowó kún un, àti ti ọkọ̀ tí ó dúró gbọnin ní oríta Challenge, ẹ ó rí i pé kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ìdajì kíláàsì bá ń sín nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì.

Nínú gbogbo sísín wọ̀nyí, oríṣi méjì ni ó ṣe pàtàkì kí a mọ̀ sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a sì sábà ń lò fún méjèèjì: ọ̀fìnkìn. Ọ̀fìnkìn tí kòkòrò àrùn ń fà máa ń ràn. Ọ̀fun a máa dun ọmọ, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, ikun imú rẹ̀ a ki, ẹni tí ó jókòó tì í náà a bẹ̀rẹ̀ sí í sín láàrin ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ. Èkejì ni èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní àlẹ́jì. Kì í ràn. Ara ọmọ náà ni ó kọ eruku tàbí ìyẹ̀fun òdòdó. Imú, ojú àti òkè ẹnu a máa yún un, ikun rẹ̀ a ṣàn bí omi lásán, ara rẹ̀ kì í gbóná, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó tún padà ní ọdún tí ń bọ̀ ní àsìkò kan náà. Àwọn kan ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun fún àlẹ́jì. Ní tiwa, a kò rí ìdí rẹ̀. Ìyá tí ó bá sọ pé "ara ọmọ mi kì í gba eruku" ti sọ gbogbo ohun tí dókítà fẹ́ gbọ́.

Lẹ́tà kan

Kí ó má baà dà bí ẹni pé orí ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà, a ó sọ ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ nílùú yìí, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa pa ilé-ìwé jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì. Nígbà tí ó dé, ó mú lẹ́tà ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: wọ́n bẹ̀ wá kí a má bínú, ikọ́ fée rẹ̀ ni ó tún dé.

Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ka ikọ́ fée, a sì gbà pé ikọ́ ife ni, ìyẹn ikọ́ tí ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí ń ràn. A kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. A ní kí ọmọ náà lọ jókòó lọ́tọ̀ lẹ́yìn, lẹ́bàá fèrèsé, a sì sọ ọ́ fún olùkọ́ méjì kí wọ́n lè ṣọ́ra. Kí ọjọ́ tó kanrí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́. Wọn kò bá a mu omi nínú ife kan náà mọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń rìn wálé láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi kò ní ikọ́ tí ń ràn o. Àyà rẹ̀ ni ó máa ń dún fée bí eruku ọyẹ́ bá ti dé. Láti kékeré ni. Dókítà ti fún un ní èyí tí ó máa ń fà sẹ́nu, ó wà nínú báàgì rẹ̀, ó ń tijú láti fà á lójú yín ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ibi tí a fi ọmọ náà jókòó sí. Fèrèsé náà kò ní gíláàsì. Ojú rẹ̀ gan-an ni eruku ń gbà wọlé.

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àti ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti tàn káàkiri kíláàsì kò ṣe é kó padà bọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àìsàn jọ, tí a ń bi ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn bí wọ́n bá pè é.

Orúkọ tí ó ń fi àmì àìsàn hàn

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣàkíyèsí ni pé àwọn orúkọ kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá tú wọn palẹ̀, àmì àìsàn náà ni a óò rí. Èyí tí ó dára jù nínú wọn ni rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Gbólóhùn odidi ni, a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ: ó rọ ọmọ lápá, ó rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ àrùn yìí kì í dúró kí wọ́n mọ̀ dájú pé òun ni kí wọ́n tó jábọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ, ohun yòówù kí ó fà á. Wọn a gba ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ wò ó bí orúkọ Yorùbá náà ṣe bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Ní ọjọ́ 25, oṣù Ògọ́ọ̀sì, 2020, a kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ oríṣi àrùn náà tí ó ń rìn kiri fúnra rẹ̀, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn tí ó dé ibẹ̀. A kò sọ pé orúkọ ni ó ṣe é. Àjẹsára ni. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá bi ìyá kan ní Òkè-Adó pé ṣé ó mọ ọmọ tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ń ṣe, ohun tí ó yẹ kí ó bi í gan-an ni ó bi í yẹn.

Yírùnyírùn náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, yí àti ọrùn ni ó wà níbẹ̀, tí a pa fáwẹ́lì kan jẹ, tí a sì ṣe àpètúnpè rẹ̀. Ọrùn tí ó le gbagidi jẹ́ àmì pàtàkì àìsàn náà, pẹ̀lú orí fífọ́ àti ara gbígbóná. Ilẹ̀ Hausa ni ó ti máa ń jà jù, láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà tí òjò bá rọ̀ níbẹ̀. Ní 1996, ju ènìyàn 100,000 lọ ni ó mú ní Nàìjíríà, ó sì pa ju 11,000 lọ. Ní 2017, ó tún mú ju 14,000 lọ, pàápàá ní Zamfara àti Sókótó. Ìbàdàn kì í sí lára ibi tí ó ti ń jà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọjà Bódìjà mọ iye ọkọ̀ tí ń kó màlúù, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà dé láti òkè Ọya lójoojúmọ́.

Onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà, wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Àlàyé tí àwọn àgbà ṣe fún wa ni pé igbá kan wà fún èébì, èkejì wà fún ìgbẹ́ gbuuru. Òpin ọdún 1970 ni ó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, láti Èkó, ó sì jà gidigidi ní 1971. Àìsàn ìgbà òjò ni jù, nítorí náà a kò ní dúró pẹ́ lórí rẹ̀ níhìn-ín.

Orúkọ tí ó dà bí agbọ̀n

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn orúkọ tí ó gba ohun púpọ̀ sínú bí agbọ̀n. Ọ̀fìnkìn jẹ́ ọ̀kan, a ti sọ nípa rẹ̀. Ibà ni ó tóbi jù nínú wọn. Ara gbígbóná yòówù, ibà ni. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ̀fọn kì í pọ̀ tó ti ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná nítorí ọ̀fìnkìn a máa lọ ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì. Nígbà tí òjò bá dé tí ibà ẹ̀fọn gan-an dé, orúkọ kan náà ni. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó lo oògùn. Olùkọ́ tí ó kọ "ibà" sínú rẹ́jísítà kò tíì sọ ju pé ara ọmọ gbóná lọ.

Ibà pọ́njú nira jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́ kí a dúró lórí rẹ̀. Nínú àwọn ìwé wa, òun ni a fi ń túmọ̀ àrùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní yellow fever, tí ẹ̀fọn inú àgbá àti ìkòkò omi ń gbé kiri. Lẹ́nu ará ilé, ibà yòówù tí ó bá sọ ojú di pípọ́n, tí ìtọ̀ sì pọ́n, ibà pọ́njú ni, a sì mọ àgbo rẹ̀. Irú ibà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀fọn tí gbogbo wa mọ̀, ó lè jẹ́ àìsàn ẹ̀dọ̀, ó sì lè jẹ́ yellow fever gan-an, èyí tí òfin ní kí a jábọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 1987, yellow fever jà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, nígbà tí ó ti jà ní ìhà Benue ní ọdún tí ó ṣáájú. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2017, ó tún farahàn ní Ìpínlẹ̀ Kwara tí ó múlé tì wá.

Ohun tí ó wà nídìí ìṣòro yìí jẹ́ ti gírámà àwọ̀, èyí tí gbogbo wa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Yorùbá ní dúdú, funfun àti pupa. Ohun tí ó pọ́n lè pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó lè pọ́n bí epo, ó sì lè pọ́n bí ìyeyè. Nígbà tí olùkọ́ bá kọ ọ́ pé "ojú rẹ̀ pọ́n," ohun méjì tí ó jìnnà sí ara wọn ni a lè fi gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pípọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ eruku, ó lè jẹ́ Apólò. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ilé ìwòsàn ni kí ọmọ náà máa lọ lójú ẹsẹ̀. A gbà pé kí olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un: pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tàbí pọ́n bí ìyeyè. Kò ná wa ní nǹkan kan.

Bí a ti dárúkọ Apólò yìí, ẹ jẹ́ kí a yà síbẹ̀ díẹ̀. Ní 1969, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sí ojú òṣùpá, àrùn ojú kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gánà, ó sì dé Nàìjíríà láìpẹ́. Àwọn ènìyàn so méjèèjì pọ̀. Òṣùpá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kòkòrò àrùn kan ni ó ń fà á, ọwọ́ àti áńkáṣíìfù ni ó sì ń bá rìn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti di Yorùbá pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí ní 2010 ń pè é bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé ọkọ̀ kankan lọ sí òṣùpá. Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó dára ni fún kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ikọ́ fée. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn tí a bi léèrè kò bára mu. Àwọn kan ní àìsàn àyà tí ń dún tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa ni, ìyẹn ásímà. Àwọn mìíràn ní ikọ́ ife ni, àwọn ni ó sì ń pe ikọ́ ife ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà mìíràn. Lójú tiwa, fée jẹ́ fòró-yàwòrán: ìró tí èémí ń mú jáde nígbà tí ó bá ń gba ọ̀nà tóóró kọjá ni, bí ẹni ń súfèé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ásímà ni ó tọ́ sí jù. Ṣùgbọ́n èrò wa kò lè yí ohun tí ará Agbowó ní lọ́kàn padà.

Àwọn oníṣègùn náà ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lórí ásímà àti àlẹ́jì lára ọmọdé, ISAAC ni orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn wà lára ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọmọ ọdún 13 àti 14, ni wọ́n bi léèrè. Lára ìbéèrè wọn ni èyí: nínú oṣù méjìlá tí ó kọjá, oṣù wo ni imú ti yọ ọ́ lẹ́nu? Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ tí imú àti ojú ń yún ti pọ̀ jù. Ohun tí ó wú wa lórí jù ni pé àwọn tí ó ṣètò ìwádìí náà rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àyà tí ń dún kò ṣe é túmọ̀ sí èdè púpọ̀. Nítorí náà wọ́n ṣe fídíò, wọ́n fi ọmọ tí àyà rẹ̀ ń dún hàn, wọ́n sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, ṣé irú èyí ti ṣe ọ́ rí? Ọ̀rọ̀ kò gbé e, wọ́n fi àwòrán gbé e. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè mọ èyí.

Àdàpè

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn orúkọ tí a dá láti fi orúkọ mìíràn pamọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé a kì í fẹ́ pe ṣọ̀pọ̀ná bẹ́ẹ̀. Olóde ni, ilẹ̀gbóná ni. Ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù ni ó fà á, àṣà tí a sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ àdàpè ni. Nígbà tí àjọ àgbáyé ń lé ṣọ̀pọ̀ná kúrò nílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń bi ènìyàn pé ta ni ó ní in, kí wọ́n lè fún àwọn ará àyíká rẹ̀ ní àjẹsára. Ẹni tí kò bá gbọ́ àdàpè kò lè ṣe iṣẹ́ náà nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1970 ni a rí èyí tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 1980 ni a sì kéde pé ó ti tán láyé.

Àrùn lọ, orúkọ rẹ̀ kò lọ. Lónìí, ilẹ̀gbóná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn ń pe èéyi, òun náà ni wọ́n ń pe èyí tí ara ń sú wínníwínní tí omi sì wà nínú rẹ̀, tí dókítà ń pè ní chickenpox. Méjèèjì a máa ṣe ọmọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n èéyi ń pa ọmọ, ìjọba sì fẹ́ mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣẹlẹ̀. Ara gbígbóná, ara sísú, pẹ̀lú ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn tàbí ojú pípọ́n, ìwọ̀nyí ni àmì rẹ̀. Ibi tí ojú pípọ́n tún ti dé nìyí.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé àwa nìkan ni orúkọ àrùn ń yọ lẹ́nu. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí orúkọ àrùn tí a ń pè ní àrùn ọ̀bọ padà sí mpox, nítorí pé orúkọ ti àkọ́kọ́ ń tàbùkù àwọn ènìyàn. Bákan náà ni ìlú Lassa ní Borno, tí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé ìṣègùn láti 1969. Àìsàn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lassa náà jẹ́ jù, àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Láti ẹnu ìyá dé Àbújá

Láyé àwọn baba wa, wolé-wolé ni ó ń ṣọ́ àìsàn. Ìkòkò omi ni ó ń yẹ̀ wò, ó sì ń wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ènìyàn ju kí wọ́n sọ òótọ́ fún un lọ. Lẹ́yìn tí yellow fever jà ní 1986 àti 1987 ni ìjọba àpapọ̀ ṣètò ìṣọ́ àrùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ní 1988. NCDC, àjọ tí ń rí sí i nísinsìnyí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, a sì fọwọ́ sí òfin tí ó dá a sílẹ̀ ní 2018.

Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà kò ṣòro. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń kọ iye àìsàn tí wọ́n rí sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìròyìn wọ̀nyí jọ. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 nínú wọn sì wà ní Ìbàdàn. Ó ń fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀, ìyẹn sì ń fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Àìsàn kan wà tí a ń jábọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òmíràn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, òmíràn lóṣooṣù. Ọ̀fìnkìn àti àlẹ́jì kì í dé Àbújá, a kò sì retí kí wọ́n dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èéyi lè fara pamọ́ sínú "ọ̀fìnkìn" fún ọjọ́ mẹ́ta kí ara tó sú.

Kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan ni ètò náà gbójú lé. Ó ka àwọn ará àdúgbò mọ́ ọn: baálẹ̀, ìyá agbẹ̀bí, oníṣègùn ìbílẹ̀, àti olùkọ́. Àwa ni ó ń rí ọmọ ogójì nínú yàrá kan lójoojúmọ́, àwa ni a sì kọ́kọ́ ń mọ̀ bí mẹ́fà nínú wọn kò bá wá lọ́jọ́ kan náà. Ó dùn wá pé rẹ́jísítà wa kò ní ju àmì wíwá àti àìwá lọ.

Ọ̀rọ̀ fún olùdánwò

Ní ọdún kan tí a wà lára àwọn tí ń máàkì ìwé ìdánwò, ìbéèrè kan jáde nínú àyọkà: kí ni ibà pọ́njú? Ìlànà ìmáàkì fọwọ́ sí ìdáhùn kan ṣoṣo, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé ibà tí ó ń sọ ojú àti ìtọ̀ di pípọ́n, tí ìyá àgbà òun máa ń se àgbo fún ni. A fún un ní òdo. Ìlànà ni a tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ni ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní èdè Yorùbá. Àwa ni a béèrè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò Yorùbá.

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 tán ìṣòro wa nípa gírámà àti lítíréṣọ̀. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní agbègbè Ifẹ̀ ní 1970, ó di dandan kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Ní ti orúkọ àìsàn, a kò rò pé ìwé atúmọ̀ tuntun ni ó kù. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ìlànà ìmáàkì gba àlàyé tí ó sọ àmì, kí ó sì fún un ní máàkì ju orúkọ lásán lọ. Bí ìbéèrè bá sì dá lórí ikọ́ fée tàbí ilẹ̀gbóná, kí a gba ìtumọ̀ tí agbègbè akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ṣàlàyé rẹ̀.

Ní kíláàsì tiwa, a ti ra ìwé kan tí a fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́jísítà. A kì í kọ orúkọ àìsàn sí i mọ́. Àmì ni a ń kọ: ara gbóná tàbí kò gbóná, ó ń yún un tàbí kò yún un, ojú pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tàbí bí ìyeyè, àyà ń dún tàbí kò dún, ara sú tàbí kò sú, ẹni tí ó jókòó tì í ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ ọ́ fúnra wọn, ní Yorùbá, a sì ń fi kọ́ wọn ní ìlò ọ̀rọ̀-àpèjúwe lẹ́ẹ̀kan náà. A ti ń fi omi wọ́n ilẹ̀ kí a tó gbálẹ̀ láàárọ̀. Ní ọyẹ́ tí ó kọjá, a fi ìwé náà han òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní ohun kan ṣoṣo ni ó kù, kí a máa kọ ọjọ́ tí àmì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. A ti fi kún un.